Orúkọ Alumita Lábẹ́ Ìwé Kirénì

Alumita Qiolevu kì í pariwo. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Walu Bay, ní ìlú Suva, níbi tí a ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbogbo ọkùnrin ló ń pariwo nítorí òòlù àti ẹ̀rọ ìjórin. Òun ní tirẹ̀, bó bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, yóò rìn wá títí yóò fi dúró tì ọ́, yóò sọ ọ́ wẹ́rẹ́, yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi Shiu ni mo ń ṣọ́ yàrá tí a ń kó irinṣẹ́ sí, ọdún kẹtàdínlógún rèé, n kò sì tíì rí oníṣẹ́ iná tó mọ ìṣirò bíi tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iná gbé ẹrù wúwo sókè, tó fẹ́ mọ irú mọ́tò iná tó lè gbé e, àti bí dráífù tí yóò máa pín iná fún mọ́tò náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Àwọn ará ìlú Lautoka tó jìnnà pàápàá ń wá a wá.

Peni ló mú un wọ ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá Alumita ni Peni. Erékùṣù Kadavu ni wọ́n ti jọ dàgbà, ọkọ̀ kan náà ló sì gbé àwọn méjèèjì wá sí Suva. Irú ìbátan tó wà láàárín wọn yẹn, èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn ní ìlú wa, bí wọn kò bá bú ara wọn láàárọ̀, a jẹ́ pé ara ẹnì kan kò yá.

"Alumita, ta ló gbé àgbọn tó ti rà sílẹ̀ síbí? Àṣé orí ẹ ni!"

"Orí yìí náà ló kọ́ ẹ títí o fi yege ìdánwò. Àìsí i, ẹja lo ì bá ṣì máa há ní Kadavu."

Òótọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Alumita fi jókòó tì í lẹ́yìn iṣẹ́, kí Peni tó gba ìwé ẹ̀rí tó sọ ọ́ di fómaànù, olórí àwa òṣìṣẹ́. Peni náà kò ya aláìmoore nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin kan sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ gun orí kirénì, ẹ̀rọ gíga tí a fi ń gbé ẹrù wúwo, Peni ló gun òkè lọ, ó jókòó síbẹ̀, ó ní òun kò ní sọ̀kalẹ̀ àfi tí wọ́n bá jẹ́ kí Alumita wá bá òun. Mo wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Kirénì náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ó dúró sí etí omi, òun ni a fi ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn mọ́tò iná rẹ̀, irin róbótó kékeré kan wà tó ń sọ fún dráífù bí mọ́tò ṣe ń yí àti ibi tó yí dé. Ojú ni àwa máa ń pè é. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun kì í jẹ́ kí ojú yẹn pé ọdún kó tó jẹ ẹ́. Ọ̀gá wa, Dharmend, wá sọ lọ́jọ́ kan pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Ẹ yọ ojú yìí dànù," ó ní. "Wọ́n ní dráífù wà báyìí tí kò nílò ojú. Alumita, wá irú èyí tó yẹ wa."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe ìṣirò náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó wá sí yàrá mi láti mu tíì, Peni náà wá, wọ́n ń pín búrẹ́dì rótì tí ìyàwó mi dì fún mi bí ẹni pé àwọn ló ni ín.

"Wo ara mọ́tò yẹn," Peni ní. "Kílówáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n kọ sí i lára. Dráífù oníkílówáàtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan wà lórí pẹpẹ Shiu yìí. Kí lo wá ń ṣírò láti ọjọ́ yìí? Àbí o ń kọ lẹ́tà sí ọkùnrin?"

"Dìde," Alumita ní.

"Hẹ̀n?"

"Mo ní kí o dìde. Gbé páálí nọ́ọ̀tì yẹn. Gbé e sókè kíákíá. Ó dáa. Di ojú. Máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo wí. Ó tó, dúró síbẹ̀. Má jẹ́ kó mì o."

Peni di ojú, apá rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Nígbà tí ò ń gbé e lọ sókè, kò sí wàhálà," Alumita ní. "Ìgbà tí o dúró lo ń làágùn. Bí mọ́tò tí kò lójú ṣe rí nìyẹn. Dráífù ò rí i, iná tí mọ́tò ń fà ló fi ń mọ ibi tó wà. Bí mọ́tò bá ń sáré, kì í ṣì í. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, àbá lásán ló ń dá. Ẹrù tó sì wà lókè kì í dúró dè é. Kí bíréèkì tó tú, dráífù gbọ́dọ̀ ti di ẹrù yẹn mú pinpin, iná tó máa ná nígbà yẹn lè tó ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sára mọ́tò. Onímẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò lè pèsè ẹ̀. Oníméjìlélógún ni ká rà. A ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa mú kirénì rákò bí ìgbín tí ẹrù bá wà lókè."

"Ṣé kí n gbé páálí sílẹ̀ báyìí, ìyá olùkọ́?"

"Gbé e sílẹ̀, kí o tó sọ ọ́ sí Shiu lẹ́sẹ̀."

Ó fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé olójú méjì. Agbára dráífù tí a máa rà wà lójú kìn-ín-ní, orúkọ rẹ̀ àti ìfọwọ́sí rẹ̀ wà lójú kejì. Ó fi lé Peni lọ́wọ́, nítorí fómaànù ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Lọ́jọ́ kejì, ó wọkọ̀ lọ sí Kadavu fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ ló sì lò níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àpótí irin tí wọn yóò fi dráífù sí dé láti òkè òkun. Ó kéré. Wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe é kí Alumita tó parí ìṣirò rẹ̀ rárá. Dráífù ńlá kò lè wọ inú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òmíràn yóò sì gbà kó tó dé. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Adi Lomai ti wà lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ, Peni sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí fún ọ̀gá níwájú àwọn tó ni ọkọ̀ náà pé kirénì yóò ti ṣe tán. Gbogbo èyí, ẹ̀yìn ìgbà tó bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ nígbà yẹn ni pé ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan.

"Shiu, gbé dráífù onímẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn fún mi."

"Fómaànù, ṣé Alumita mọ̀ sí i?"

"Òun náà ló ní kí n wá gbà á. Ó tún un ṣe kó tó lọ. Ó ní òun ti kọ́kọ́ ṣì í ṣe."

Mo gbé e fún un. Mo tilẹ̀ bá a gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí Alumita dé, kirénì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti fi tọ́ọ̀nù kan dán an wò, wọ́n fi méjì dán an wò, kò mì. Ó dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé oníméjìlélógún yẹn wọ inú àpótí ẹ̀ dáadáa?" ó bi Peni.

"Ó wọ̀ ọ́ bí ọmọ oge ṣe ń wọ bàtà. Kí lo mú bọ̀ fún mi láti ibi ìgbéyàwó? Àbí ẹnu ẹ nìkan lo jẹ fún?"

Alumita rẹ́rìn-ín, ó na ẹja tí wọ́n fi ewé wé sí i. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣí i. Nígbà tó bá mi sọ ọ́ lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: "Ká ní ẹlòmíì ni, mo máa ṣí i, Shiu. Peni ni. N ò lè máa wo ẹ̀yìn Peni."

Ọjọ́bọ̀ ni Adi Lomai wọlé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin. Wọ́n dè é, kirénì sì gbé e kúrò nínú ọkọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó dé òkè èbúté, ẹni tó ń darí kirénì dá a dúró kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè tún igi tí wọn yóò gbé e lé tò. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan, ìka méjì, nítorí Manasa tó ń tọ́ ẹ́ńjìnnì sọ́nà ń pariwo pé kó rọra. Ìgbà yẹn ni dráífù sọ mọ́tò nù. Ó rò pé jẹ́jẹ́ ni ẹrù ń lọ sílẹ̀, kò sì sọ fún bíréèkì pé kó mú un. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo gbọ́ ìró okùn irin láti inú yàrá mi. Kí ẹni tó ń darí rẹ̀ tó lu bọ́tìnnì pupa, ó ti jìn, bíréèkì mú un lójijì, ẹ́ńjìnnì fì gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀, ó sì gbá Manasa mọ́ ògiri èbúté.

Kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún fọ́ níbi mẹ́ta. Alumita ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀, ó fi di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Peni dúró lẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí. Bí wọ́n ṣe gbé Manasa lọ, Alumita lọ ṣí àpótí irin náà. Dráífù onímẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bá nínú rẹ̀. Ó tì í padà. Nígbà tó yíjú, Peni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Alumita wá a títí ọjọ́ yẹn àti ọjọ́ kejì. Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ní ilé rẹ̀, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá. Alumita ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí òun tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba méjì jókòó sí ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n ń pè wá wọlé, a sì jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ bí a bá ti sọ tiwa tán. Wọ́n pè mí. Wọ́n ní ta ló ní kí n gbé dráífù onímẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀. Mo sọ òtítọ́ tí mo mọ̀: mo ní fómaànù wá gbà á, mo béèrè, ó ní Alumita ló tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Ẹnu mi ni mo fi kan ìṣó yẹn mọ́ ọn lára, n kò sì mọ̀.

Wọ́n wá gbé ìwé olójú méjì náà sí iwájú Alumita. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lójú kìn-ín-ní. Ìfọwọ́sí rẹ̀ ló wà lójú kejì.

"Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí èyí?" èyí àgbà nínú wọn bi í.

"Èmi ni mo fọwọ́ sí ojú kejì, sà. Ojú kìn-ín-ní yìí kì í ṣe tèmi. Méjìlélógún ni mo kọ. Ẹ bi Peni."

Wọ́n kọjú sí Peni. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa ń wọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ta ló ṣe ìṣirò tó wà níbí yìí?"

Kò wo Alumita. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Alumita ni," ó ní. "Ohun tó bá kọ ni mo máa ń ṣe. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

Alumita yí orí rẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ojú tó fi wò ó yẹn, n kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Wọ́n ní kí Alumita máa lọ sílé títí wọn yóò fi parí ìwádìí. Lọ́jọ́ Àìkú, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó Manasa dìde láti ibi tó jókòó sí, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìjókòó mìíràn kí wọ́n má bàa wà nítòsí Alumita. Alumita mú ìwé orin rẹ̀, ó jáde. Ìyàwó mi ló rí i tó ń dá rìn lọ lójú ọ̀nà, oòrùn wà lórí rẹ̀, ó ní òun pè é, kò gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ní ọ̀sán, àwọn ẹbí Peni wá sílé Alumita láti tọrọ àforíjì. Èmi náà ti lọ síbẹ̀ láàárọ̀ láti bẹ Alumita fún ohun tí mo sọ, Eroni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n jókòó, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wọlé: Peni, àbúrò bàbá rẹ̀ méjì, àti bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, Sakiusa, ẹ̀gbọ́n ìyá Alumita, ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín díẹ̀, tó tìtorí ẹ̀ wọ ọkọ̀ láti Kadavu. Wọ́n jókòó sórí ẹní nítòsí ilẹ̀kùn bí ẹni tó jẹ̀bi ṣe ń jókòó. Bàbá yẹn di eyín àbùùbùtán mú lọ́wọ́ méjèèjì, okùn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín ìka rẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí wọ́n bá gbé eyín yẹn wá, wọn kì í dá a padà. Ẹni tí wọ́n gbé e wá fún a gbà á, ọ̀rọ̀ a sì tán.

"A mú eyín yìí wá láti tẹríba," Bàbá Sakiusa bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ wa ṣẹ̀. Ó ní àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì bà yín lọ́kàn jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á."

Eroni na ọwọ́. Àṣà ni. Ìgbà yẹn ni Alumita sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Bàbá, ẹ foríjì mí. Àṣìṣe wo ló sọ fún yín pé ó ṣẹlẹ̀?"

Bàbá náà wo ọmọ rẹ̀. "Ó ní ìwé kan ni wọ́n ṣì mú."

"Peni," Alumita ní, "sọ ọ́ fún bàbá ẹ. Má sọ ọ́ fún mi, èmi mọ̀ ọ́n."

Peni sunkún kó tó sọ̀rọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: àpótí tó kéré, ìlérí tó ṣe, ojú ìwé kìn-ín-ní tó yọ tó sì tẹ òmíràn, irọ́ tó pa fún mi, ìdáhùn tó fún àwọn olùyẹ̀wò. Mo gbọ́ tèmi nínú rẹ̀.

"Mo rò pé kò ní ṣẹlẹ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì la dán an wò, kò mì. Alumita, ìwọ mọ̀ mí."

"Lọ sọ ohun tí o sọ yìí fún wọn lọ́jọ́ Ajé."

"Wọ́n máa gba ìwé ẹ̀rí mi. Mo lọ́mọ mẹ́rin. Ìwọ lè rí iṣẹ́ níbikíbi, gbogbo Suva ló mọ̀ ẹ́."

"Kí ni wọ́n mọ̀ mí sí báyìí, Peni?"

Peni ní òun kò lè lọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ kéré: òun kò lè lọ. Eroni wá fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé e lé itan. Bàbá Sakiusa na eyín náà síwájú títí apá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó gbé e sórí ẹní. Ibẹ̀ ló fi í sílẹ̀ sí nígbà tí wọ́n dìde. N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Peni kò lọ. Bàbá rẹ̀ ló lọ. Ó wọ bọ́ọ̀sì láti Nasinu, níbi tí Peni ń gbé, òun nìkan, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ọ́fíìsì àwọn olùyẹ̀wò, ó jókòó níbẹ̀ láti agogo mẹ́jọ títí di ọ̀sán kí wọ́n tó pè é. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa iná, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí ọmọ òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú òun. Ó dárúkọ mi pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì lọ sọ ọ́. Wọ́n tú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wò, wọ́n rí ìwé àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, méjìlélógún ló wà níbẹ̀.

Orúkọ Alumita mọ́. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí Peni. Ọ̀gá Dharmend lọ bẹ Alumita nílé kó padà, Alumita ní òun kò lè wọ ẹnu géètì yẹn mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù gun òkè ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Manasa ń fi ọ̀pá rìn. Ìyàwó rẹ̀ gbé kókò dálò àti adìyẹ lọ fún Alumita, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún nínú ilé ìdáná. Bí Alumita àti Peni bá pàdé níbi òkú tàbí ìgbéyàwó, wọn kì í bú ara wọn mọ́. "Ẹ kú ọjọ́" ni Peni ń kí i, bí ẹni ń kí àlejò.

Bàbá Sakiusa kò padà sí ilé ọmọ rẹ̀. Peni ti ránṣẹ́ sí i pé ó ta òun, pé bàbá tó bí òun lọ́mọ ló mú òun lọ fún ìjọba. Ọ̀dọ̀ Alumita ni bàbá náà wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń dúró de ọkọ̀ Kadavu. Mo lọ kí wọn níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún Alumita, ó sì bi í láìgbójú sókè:

"Ọmọ mi, ṣé èmi náà dalẹ̀?"

Alumita jókòó tì í, ó mú ọ̀bẹ mìíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bó ẹ̀gẹ́.

"Bàbá, n ò mọ̀," ó ní. "Mo mọ̀ pé ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ajé yẹn."